Ìtẹ̀ka DNA

Ìtẹ̀ka yìí kò gba tàdáwà. Iye ìgbà tí àwọn ègé kúkúrú kan tún ara wọn kọ léraléra nínú DNA ènìyàn ló ń kà. Alec Jeffreys ló ṣàwárí rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester ní 1984. Lọ́dún kejì, òun ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú ọmọkùnrin kan tí ẹbí rẹ̀ ti Gánà wá sí Ìlú Ọba.

Ṣùgbọ́n iye yìí lè yí padà láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Ká ní bàbá ní ègé GATA mẹ́wàá lójú kan nínú DNA rẹ̀. Bí ara bá ń da DNA kọ láti ṣe àtọ̀, ó lè ṣì í kọ, kí mẹ́wàá di mọ́kànlá. Àyípadà àbùdá nìyẹn. Ọmọ á wá yàtọ̀ sí bàbá tó bí i gan-an. Ní ìpíndọ́gba, ó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú 1,000 lójú kọ̀ọ̀kan, ti bàbá sì pọ̀ ju ti ìyá lọ. Nítorí náà, àwọn tó mọṣẹ́ kì í tìtorí ojú kan ṣoṣo já bàbá kúrò lórí ọmọ. Ojú bíi ogún ni wọ́n ń wò. (Kí ọkọ tó ń fura rọra ṣe o.)

Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ tún le nínú jẹjẹrẹ: DNA inú kókó rẹ̀ lè má bá ti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan náà mu.