Bí A Ṣe Ń Tún Ọjọ́ àti Aago Kọ̀ǹpútà Ilé Ṣe

A kọ àlàyé yìí fún àwọn ará Kúta, Ìwó àti gbogbo olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ní kọ̀ǹpútà nílé. Nígbà mìíràn, ìkànnì tí a fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ sí lè kọ̀ láti ṣí, kí ìkìlọ̀ sì hàn pé kò ní ààbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ yóò fi kọjá. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín.

Ohun tó ń fà á

Bátìrì kékeré kan tó rí roboto bí owó ẹyọ ló ń mú aago kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. CR2032 ni a sábà máa ń rí lára rẹ̀. Bí bátìrì yìí bá kú, aago lè padà sí ọdún àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkànnì tó ní ààbò ní ìwé ẹ̀rí, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2015 ni a wà, ìwé ẹ̀rí ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń kọ̀ ọ́.

Ọ̀nà àtúnṣe lórí Windows 10 àti 11

1. Ẹ ṣí "Settings", kí ẹ yan "Time & language", lẹ́yìn náà "Date & time".
2. Ní "Time zone", ẹ yan UTC+01:00 West Central Africa, èyí tí í ṣe àkókò Nàìjíríà.
3. Ẹ pa "Set time automatically", kí ẹ tẹ "Change", kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago tó tọ́ sí i. Bí aago bá jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lè má lè tún un ṣe.
4. Ẹ tan "Set time automatically" padà, kí ẹ tẹ "Sync now" bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà.

Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Bí ọjọ́ bá tún yí padà lẹ́yìn tí ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pààrọ̀ bátìrì náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó bátìrì àtijọ́. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ọjọ́ bá tọ́, tí ìkìlọ̀ kò sì lọ, ẹ fi ìkànnì náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí tàbí nọ́ńbà báńkì yín síbẹ̀.