"Bastard": èébú tó bẹ̀rẹ̀ lórí ogún

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa la mọ "bastard". Awakọ̀ ń fi bú awakọ̀, ọ̀rẹ́ ń fi bá ọ̀rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni nígbà kan, àti pé tìtorí ilẹ̀ àti owó ló ṣe le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn ẹ̀. 🧵

2/ Inú èdè Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un. Àwọn onímọ̀ kan ní "bast" ni gbòǹgbò ẹ̀, ìyẹn gàárì tí wọ́n ń di ẹrù lé lórí ìbaaka. Àwọn tó ń da ìbaaka máa ń sùn lórí ẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sọ́nà. Ọmọ orí gàárì, kì í ṣe ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ilé. Ó ti yé yín.

3/ Ẹni tó gbajúmọ̀ jù tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ ni William, ọmọ Robert, olórí Normandy nílẹ̀ Faransé. Robert ò gbé Herleva, ìyá ẹ̀, níyàwó. Síbẹ̀, nígbà tí Robert kú ní 1035, William, ọmọ kékeré tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ló jẹ oyè bàbá ẹ̀. Ní 1066, ó kó ogun sọdá òkun, ó gba England.

4/ Àwọn òpìtàn àtijọ́ kọ ọ́ pé nígbà tó gbógun ti ìlú Alençon, àwọn ará ìlú gbé awọ ẹran jáde, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń fi ṣẹ̀sín iṣẹ́ tí àwọn ará ilé ìyá ẹ̀ ń ṣe. Nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ó gé wọn lọ́wọ́, ó gé wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: ọmọ ni wọ́n fẹ́ dùn, ìyá ni wọ́n bú.

5/ Lóòótọ́, William jọba. Àmọ́ nígbà tó yá, òfin ti ilẹ̀kùn. Ní 1236, ní Merton, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní tí òbí bá ṣègbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ, kí ọmọ yẹn di ọmọ inú ilé. Àwọn ìjòyè onílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní yí òfin England padà. Kí ló dé? Ilẹ̀. Ta ló máa jogún ẹ̀?

6/ Òfin wá ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní "filius nullius" lédè Látìn: ọmọ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ó lè jọ bàbá ẹ̀ bí ìmumu, tí bàbá bá kú láìṣe wíìlì, kò ní gba kọ́bọ̀.

7/ Láti 1576, òfin tún ní tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá di ẹrù sọ́rùn àdúgbò, adájọ́ lè fìyà jẹ ìyá àti bàbá, kó sì ní kí wọ́n máa sanwó ìtọ́jú ẹ̀. Ojútì, ìyà, owó. Àwọn ìyá kan wá ń gbé ọmọ jù sílẹ̀.

8/ Thomas Coram, atukọ̀ kan, rí ọmọ ìkókó tí wọ́n gbé jù sójú títì London. Ó ṣe wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọba tó fọwọ́ sí ilé ìtọ́jú wọn ní 1739. Àwọn ìyá máa ń fi ègé aṣọ tàbí owó ẹyọ sílẹ̀ fún àmì, bóyá ọjọ́ kan á dáa, wọ́n á padà wá mú ọmọ wọn. Díẹ̀ ló rí i mú.

9/ 1926 ni England tó gba ohun tí wọ́n kọ̀ ní Merton. Ọdún 690! Ní 1969, ọmọ náà láǹfààní láti jogún òbí tí ò ṣe wíìlì. Bí òfin ṣe ń dẹ̀ ni èébú náà ń yí. Lónìí, "poor bastard" lè jẹ́ àánú, "lucky bastard" lè jẹ́ ìlara. Ní Australia, ọ̀rẹ́ ń fi kí ọ̀rẹ́.

10/ Àwa ńkọ́? Lọ́dọ̀ Yorùbá, tí bàbá bá ti ní "ọmọ mi ni", ọ̀rọ̀ parí, ó máa bá wọn pín ogún. Àwọn Òyìnbó wá gbé òfin ìgbéyàwó oníyàwó kan wọ Èkó ní 1884. Nínú ẹjọ́ Cole àti Akinyele ní 1960, ilé ẹjọ́ gíga jù ní ọmọ tí ọkùnrin bí síta nígbà tí ìgbéyàwó òfin ẹ̀ ṣì wà, bó tiẹ̀ gbà pé òun ló ni ín, kì í ṣe ọmọ tí òfin mọ̀.

11/ Ẹnì kan á ní, "Ṣebí àwa náà ní ọmọ àlè?" Bẹ́ẹ̀ ni, èébú tó le sì ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ òwe àwọn àgbà: ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí, ọmọ àlè là ń bẹ̀ tí kì í gbọ́. Ìwà ni òwe yẹn ń wò, kò béèrè ìwé ìgbéyàwó.

12/ Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 42, ìpín kejì, ní a ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Ti 1979 náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ogún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti pe àbúrò ẹ̀ ní bastard.

13/ Ohun tí mo ń sọ ò ju èyí lọ: ọmọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Tí ìwà ẹnì kan bá ń bí yín nínú, ẹ bú ìwà ẹ̀. Ẹ fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀. Àti pé tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn lé yín jáde nídìí ogún bàbá yín, ẹ má kàn sunkún lọ. Ẹ wá lọ́yà. Ẹ bá mi tàn án ká. 🙏🏾