Ta Ni Yóò San Án? Ìtàn Òfin Lórí Oníbàárà Tó Ṣubú Nínú Ilé-Ìtajà

Bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Nínú bébà yìí, a fẹ́ wo ẹ̀yìn fún ẹni tó lọ ra ọjà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ilé-ìtajà, tó sì kán lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò san owó ìwòsàn? Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn tí kóòtù wa ń lò ti wá.

Ẹjọ́ Indermaur àti Dames ti ọdún 1866 ni àwọn amòfin sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Dames ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní London. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí yóò dín gáàsì tí wọ́n ń lò kù, òṣìṣẹ́ kan sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò kan wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbà gbé ṣúgà lọ sókè sódò, kò sí nǹkan kan tó yí i ká. Òṣìṣẹ́ náà já sínú rẹ̀, ó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 29. Agbẹjọ́rò Dames ní ọkùnrin yìí kì í ṣe oníbàárà, àyè lásán ni wọ́n fún un láti wọlé. Adájọ́ Willes kò gbà. Ó ní ẹni tó bá wá nítorí iṣẹ́ tó kan onílé, tí òun náà sì ń ṣọ́ra, ní ẹ̀tọ́ pé kí onílé dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewu tí kò wọ́pọ̀, tí onílé mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀. “Tó yẹ kó mọ̀” yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa: onílé kò lè di ojú mọ́ ihò kó sì ní òun kò rí i. Ilé-ẹjọ́ tó ga ju ti Willes lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 1867.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pín àlejò sí ìsọ̀rí. Ẹni tó wá rajà ní ẹ̀tọ́ tó pọ̀ ju ti ọ̀rẹ́ tó kàn yà kí onílé lọ. (Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé èyí fún Yorùbá tó ń kí gbogbo wọn ní “ẹ káàbọ̀” kan náà!) Òfin 1957 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́: ìtọ́jú kan náà ni onílé jẹ gbogbo àlejò tó gbà láàyè. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ̀ lé e nínú òfin rẹ̀ tó wà nínú àkójọ 1959, Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 1961. Níbi tí ìjọba kò bá ti ṣe irú òfin yìí, ọ̀rọ̀ Willes ni wọ́n ṣì ń dì mú. Òfin 1957 kan náà ní pátákó ìkìlọ̀ nìkan kò tó, àfi tó bá lè dáàbò bo àlejò ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ṣubú yóò ṣe fi ẹ̀rí hàn? Ní 1974, obìnrin kan tẹ yógọ́ọ̀tì tó dà sílẹ̀ nínú ilé-ìtajà Tesco ní Liverpool, ó sì ṣubú. Kò mọ ẹni tó dà á sílẹ̀, kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Tesco ní àwọn ń gbálẹ̀ ní ìgbà 5 tàbí 6 lóòjọ́, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá rí nǹkan tó dà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì í títí wọn yóò fi nù ún. Obìnrin náà jẹ́rìí pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, òun rí omi ọsàn tó dà sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò nù fún bí ìṣẹ́jú 15. Adájọ́ 2 nínú 3 ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Tesco ló yẹ kó ṣàlàyé, nítorí òun ló ń tọ́jú ilẹ̀ náà. Owó gbà-máà-bínú jẹ́ £137.50. Adájọ́ Ormrod kò fara mọ́ ọn: ó ní oníbàárà mìíràn lè da yógọ́ọ̀tì náà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú, kí ni òṣìṣẹ́ ìbá ṣe sí i? Àríyànjiyàn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé e, oníbàárà díẹ̀ ni yóò lè jàre láéláé.