Ìpàtẹ

Ìpàtẹ (ọ̀rọ̀-orúkọ): títo nǹkan síta kí ojú lè rí i, kí ọkàn sì lè yàn án. *Pa* àti *àtẹ* ló di pàtẹ. *Ì-* ló sọ ọ́ di ìpàtẹ. Àtẹ ni ohun pẹrẹsẹ tí a ń to ọjà lé. Kò bá pàtẹ́wọ́ tan: àtẹ́lẹwọ́ ló wà nínú ìyẹn.

Ẹni tó bá dé Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò máńgòrò yóò rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere. Ìyá ọlọ́jà á fi aṣọ nu eruku ara máńgòrò kọ̀ọ̀kan, á kó wọn jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, á wá yí ẹ̀gbẹ́ tó pọ́n sí ojú ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Alpine Garden Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dún 1929, ń ṣe nígbà ìrúwé. Ewéko orí òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ àpáta ni wọ́n ń kó wá nínú ìkòkò. Àwọn ìbátan ọ̀dúndún àti àbámodá wa wà lára irú ewéko bẹ́ẹ̀. Wọ́n á já ewé gbígbẹ, wọ́n á nu ẹnu ìkòkò, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ bo iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó ta gbogbo ìyókù yọ lè gba àmì-ẹ̀yẹ Farrer.

Àfihàn lè jẹ́ fífi hàn lásán. Ìpàtẹ ní ètò àti ìtọ́jú nínú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìpàtẹ òdòdó, ìpàtẹ ìwé: ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni. Ẹ jẹ́ ká máa lò ó.