Àbámodá

Àbámodá: ọ̀rọ̀-orúkọ. Ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn, tí omi sì kún inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Bryophyllum pinnatum tàbí Kalanchoe pinnata.

Ìhun orúkọ náà hàn gbangba: àbá + mo + dá, ìyẹn ni "àbá tí mo dá". Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń lò ó níbi ìwúre, kí èrò ọkàn ẹni lè ṣẹ. A tún ń pè é ní ẹrú ọ̀dúndún, nítorí ó jọ ọ̀dúndún, ewé tútù tí a mọ̀ mọ́ Ọbàtálá, òrìṣà tí Ifọ́n-Ọ̀ṣun ń bọ ní Òrìṣà Olúfọ́n.

Erékùṣù Madagáská ni àbámodá ti ṣẹ̀ wá. Ó máa ń tọ́jú omi de ọ̀gbẹlẹ̀. Òru ni ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ ń ṣí fa afẹ́fẹ́, kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀, ilẹ̀ olójò bíi ti ìlú Ìlobùú àti Ifọ́n gbà á, bí omi kò bá ti dúró sí ìdí rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, omi inú ewé ló fi ń gbéra ró.

Bí ewé kan bá já bọ́ sílẹ̀, kì í tètè kú. Láti etí rẹ̀ ni ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń yọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ewé méjì àti gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú. Bí gbòǹgbò wọn bá ti kan ilẹ̀, wọ́n di ewéko tuntun.