Ìdílé Reuss: Heinrich ni gbogbo ọkùnrin ń jẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé Reuss ní Thuringia, lórílẹ̀-èdè Jámánì, wo ilé, wọ́n sì sọ gbogbo ọmọkùnrin wọn ní Heinrich. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, àní ọmọ tí kò ní jọba pàápàá ń gba tirẹ̀.

Ẹ̀ka àgbà, tó jọba ní Greiz, gba oyè Fürst ní 1778. Ẹ̀ka àbúrò, tó jọba ní Gera, gbà á ní 1806. Ẹ̀ka àgbà ń kà dé ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó padà sí oókan. Ẹ̀ka àbúrò ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bí ọ̀rúndún bá yí. Ìdí nìyí tí Heinrich LXVII fi bí Heinrich XIV, tí òun náà bí Heinrich XXVII. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn bíi ti ọba Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣìnà.

Ní November 1918, ìjọba wọn dópin. Òfin 1919 sọ oyè di ara orúkọ lásán. Heinrich XXIV ti Greiz kú láìbímọ ní 1927, ẹ̀ka àgbà sì parí. Síbẹ̀, ẹ̀ka àbúrò ṣì ń sọmọ ní Heinrich. Àwa rí i pé òfin lè gba adé, ṣùgbọ́n ìdílé ló ń pa orúkọ mọ́.