Ta Ló Yàn, Ta Ló Ń Rù Ú?

A kúnlẹ̀, a yan ẹ̀dá. A délé ayé tán, ojú ń kán wa. Ohun tí òwe yìí ń sọ kò lọ́jú pọ̀: olúkúlùkù ti kúnlẹ̀ lọ́run, ó ti yan bí ayé òun yóò ṣe rí, àmọ́ nígbà tó dé ayé tán, ó gbàgbé ohun tó yàn, ó wá ń sáré ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kiri. Àwọn àgbà a máa fi tu ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún nínú. Àwọn mìíràn a sì máa fi bú u.

Nínú òwe náà, ẹni tó yàn àti ẹni tí ìyà ń jẹ, ẹnì kan náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí. Bí ayé bá rí bẹ́ẹ̀ látòkèdélẹ̀, ìbéèrè tó ti ń da àwọn onígbàgbọ́ láàmú láti ìgbà láéláé kì bá tí sí rárá: bí Ọlọ́run bá lágbára gbogbo, tó sì jẹ́ aláàánú, kí ló dé tí ibi fi wà? Èsì rẹ̀ kì bá gùn: ìwọ lo yàn án, rù ú. Kò sí ẹjọ́ tó rọrùn láti dá tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó lọ sọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó kàwé, ló gbà pé òwe yìí fi hàn pé kádàrá ni Yorùbá ka gbogbo nǹkan sí, pé ọmọ aráyé kàn ń ṣe ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti babaláwo pẹ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, ya ìpín ẹ̀dá sí mẹ́ta: akúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, akúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n fi fún un, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n so mọ́ ọn. Òwe wa mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló wà.

Ifá tún la ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn Àjàlà, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí lọ́run, èyí tí Wándé Abímbọ́lá tú palẹ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló fẹ́ wá sáyé: Oríṣeékú, Oríléèmèrè àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dé ilé Àjàlà, wọn kò bá a. Wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, wọ́n gbé e borí, wọ́n kọrí sáyé. Òjò pa wọ́n lọ́nà. Àṣé iná kò jẹ amọ̀ náà dáadáa. Omi ń bù ú díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọn yóò fi dé ayé, orí ti jẹ tán. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti dífá, ó ti rúbọ. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí i pé olówó kan ti dógò ti Àjàlà, Àjàlà alára sì ti lọ sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Olówó lọ, Àjàlà sọ̀ kalẹ̀, ó bá ọmọ Ọ̀rúnmìlà yẹ orí wò títí wọ́n fi rí èyí tó jinná.

Ẹ wo àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Wọ́n yàn lóòótọ́. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn, kò sì sí ẹni tó purọ́ fún wọn. Síbẹ̀ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń yàn, ẹni tó yẹ kó sọ fún wọn sì ń sá fún gbèsè. Ìtàn náà kò ba Oríṣeékú wí tó bí òwe ṣe ń bá wa wí. Amọrí wà nínú ẹjọ́: òun ló mọ orí tí kò jinná, òun ló tò ó mọ́ èyí tó jinná. Àwọn tó ń fi òwe yìí pa tálákà lẹ́nu mọ́ kì í ka ìtàn dé ibẹ̀.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kò ní gba amọrí onígbèsè láyè nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láé. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá àwọn ọmọlẹ́yìn Mani rìn, àwọn tó ní ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n ń wọ̀yá ìjà láyé, pé inú òkùnkùn ni ibi ti ń wá. Nígbà tó fi wọ́n sílẹ̀, ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe yọ ọwọ́ Ọlọ́run kúrò nínú ibi láìsọ pé ọlọ́run kejì wà. Ìwé rẹ̀ lórí òmìnira ìfẹ́-inú, tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù tó sì parí lẹ́yìn tó padà sí Áfíríkà, gbé ẹ̀bi náà lé ènìyàn lórí: rere ni ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá, ṣùgbọ́n ẹni tí a fún lómìnira láti yíjú sí rere lè kẹ̀yìn sí i, kíkẹ̀yìn yẹn ni ibi.

Ọ̀rọ̀ náà lágbára, kò sì tíì kú. Ní 1955, J. L. Mackie, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Ọsirélíà, kọ̀wé pé ohun mẹ́ta yìí kò lè jọ jẹ́ òótọ́: pé Ọlọ́run lágbára gbogbo, pé ó jẹ́ ẹni rere pátápátá, àti pé ibi wà. Èsì tí Alvin Plantinga ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1974 kò jìnnà sí ti Augustine. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí bí Ọlọ́run pàápàá ṣe lè dá àwọn ènìyàn tó lómìnira lóòótọ́, kí ó sì tún rí i dájú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ṣi òmìnira náà lò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Plantinga borí níbi tí wọ́n ti jà. Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti jà kọ́ ló ń dun ọmọ aráyé.

Àlàyé òmìnira sọ ìdí tí apànìyàn fi wà. Kò sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n pa. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n lómìnira láti sọ òkò, kò pọn dandan kí orí ẹni ẹlẹ́ni wà níbi tí òkò náà máa bà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó yàn àti ẹni tó ń rù ú nìyí, mo sì rò pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń fò dá.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún kọjá ààlà, ó sì gbé ẹ̀mí tó lé ní 200 lọ. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rọrùn láti pè ní àmúwá Ọlọ́run, ṣebí Ọlọ́run ló ń rọ òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Ògùnpa mọ̀ pé odò tóóró ni, pé láti apá Agodi ló ti ń gba àárín ìlú kọjá, pé ilé ti fún un mọ́ra débi pé ògiri àwọn kan ni etí odò. Àwọn mìíràn sì ti fi ṣe ààtàn. Ìdọ̀tí ilé, ìdọ̀tí ọjà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, abẹ́ afárá ti dí pa. Ó ti kún wọlé bẹ́ẹ̀ ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú, ilé kò sì kúrò létí odò.

Ibí yìí ni inú oníwàásù máa ń dùn: ẹ ò rí i, ọwọ́ ara wa náà ni. Mo gbà dé ìdajì. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sódò lè wà lórí òkè tí omi kò lè dé láé. Ẹni tó fọwọ́ sí ilé lójú omi, tàbí tó gbójú kúrò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ọ́fíìsì ló wà. Ìyá tó gba yàrá kan nílé ìsàlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ mọ, tó sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, kí ni òun yàn? Ó yan yàrá, bí Oríṣeékú ṣe yan orí.

Jean-Jacques Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, ti rí apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1755, ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ilẹ̀ mì ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl, láàárọ̀ nígbà tí èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé wó, omi òkun ya wọ ìlú, iná sì jó fún ọjọ́ mélòó kan. Voltaire, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, fi ewì bínú sí àwọn tó ń wí pé bó ṣe dára jù ni ohun gbogbo ṣe rí. Rousseau kọ lẹ́tà sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ìṣẹ̀dá kọ́ ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé alájà mẹ́fà, méje jọ sójú kan. Òótọ́ ni. Pombal, mínísítà ọba tó tún ìlú náà kọ́, ní kí wọ́n fi igi hun egungun sínú ògiri àwọn ilé tuntun kí wọ́n má baà tètè wó. Àlùfáà Jesuit kan, Gabriel Malagrida, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ó tẹ̀wé ní 1756 pé ẹ̀ṣẹ̀ ará Lisbon ló fà á. Pombal lé e kúrò nílùú, ní 1761 wọ́n fún un lọ́rùn pa, wọ́n sun òkú rẹ̀. Àdámọ̀ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìwé yẹn. Ohun tí Malagrida ṣe ni pé ó sọ ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tó kú di ọ̀kan, bí òwe wa gẹ́lẹ́. Kò ṣàlàyé ìdí tí ilé àwọn aṣèwádìí ìgbàgbọ́ (Inquisition) pàápàá fi wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà.

Àwọn Mùsùlùmí ti mú ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó le jù, ìyẹn ọ̀dọ̀ ọmọdé. Wọ́n ní al-Ashʿarī bi olùkọ́ rẹ̀ al-Jubbāʾī ní Basra léèrè nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta: ọ̀kan kú ní onígbàgbọ́, ọ̀kan ní aláìgbàgbọ́, ọ̀kan ní kékeré. Ọmọ Muʿtazila ni al-Jubbāʾī, àwọn tó gbà pé ènìyàn lómìnira àti pé dandan ni kí Ọlọ́run ṣe ẹ̀tọ́. Ó fi ti àkọ́kọ́ sí Ọgbà Ìdẹ̀ra, ti èkejì sí iná, ó ní ọmọdé bọ́ lọ́wọ́ ìyà ṣùgbọ́n kò dé ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá béèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi jẹ́ kí òun dàgbà kí òun lè dé ipò yẹn ńkọ́? Ọlọ́run á ní òun mọ̀ pé ì bá dẹ́ṣẹ̀ ni. Nígbà náà ni ti inú iná yóò ké pé: kí ló dé tí O kò pa èmi náà ní kékeré? Wọ́n ní al-Jubbāʾī kò rí èsì fọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló hun ìtàn náà, ó kúkú pọ́n wọn lé jù. Al-Ashʿarī fi olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ohun tí Ọlọ́run bá ṣe ni ẹ̀tọ́, a kò lè fi òṣùwọ̀n tiwa wọ̀n Ọ́n. Ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn ààfáà àtijọ́ ní Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tọ̀. Kò dáhùn ìbéèrè ọmọ náà. Ó ní kò yẹ kó béèrè.

Mo ti fẹ́ gbàgbé òwe wa, bẹ́ẹ̀ Yorùbá náà sì ní èsì lórí ọmọdé: àbíkú. Ọmọ tó bá ń kú tó ń padà wá, òun fúnra rẹ̀ ló bá ẹgbẹ́ ọ̀run mulẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó yan ikú kékeré, ẹni tó yàn tún di ẹni tó ń rù ú. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ nínú orúkọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Bí kò bá gbẹ̀bẹ̀, wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú rẹ̀ lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún yọjú. Ó ṣeé ṣe kó tu ìyá nínú láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ọmọ ni wọ́n dì í rù.

Lónìí ọ̀pọ̀ gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní láti jẹ́ SS, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sickle cell. Bàbá AS, ìyá AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, tí àwọn pásítọ̀ kan sì ń kọ̀ jálẹ̀ bí AS bá fẹ́ fẹ́ AS. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bínú pé wọ́n ń gba òmìnira tí Ọlọ́run fún wọn. Èmi ò bá wọn bínú sí pásítọ̀ náà: ẹni tí wọ́n fẹ́ bá a yàn kò tíì dáyé, òun ló sì máa wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú eegun ríro.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá ńlá wa tí kò sí àyẹ̀wò kankan nígbà tiwọn ńkọ́? Wọn kò mọ̀, ọmọ kò yàn, kò sì sí ẹni tó da ìdọ̀tí sódò kankan. Ó tilẹ̀ tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Anthony Allison fi hàn ní 1954 pé ẹni tó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tó le, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èròjà S fi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ohun kan náà tó gba ọ̀pọ̀ ọmọ là lọ́wọ́ ibà ni SS fi ń kú, ẹnikẹ́ni kò sì dá irú ìpín bẹ́ẹ̀ lábàá. Òmìnira ènìyàn kò fara kan ibẹ̀ rárá. Àlàyé Augustine ràn mí lọ́wọ́ dé etí odò Ògùnpa, kò bá mi dé ibí yìí, mo sì fura sí ẹni tó bá ní tòun dé ibẹ̀.